Lẹ́yìn Báyọ́psì Ọyàn: Ìtọ́jú Ilé fún Àwọn Ìyá Àgbà ní Ẹdẹ

Báyọ́psì ọyàn ni mímú ẹran bíńtín láti inú kókó tàbí ibi tó ṣàjèjì nínú ọyàn, kí onímọ̀ àrùn lè gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kó sì sọ ohun tó jẹ́. Ọwọ́ lè bá kókó pàdé. Síkáànì àti mamogíráàmù, ìyẹn fọ́tò inú ọyàn, lè fi bó ṣe tóbi àti bí etí rẹ̀ ṣe rí hàn. Ẹran tí wọ́n mú jáde nìkan ló lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Àyẹ̀wò ni báyọ́psì, kì í ṣe ìwòsàn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń padà sílé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é gan-an, tó sì fi jẹ́ pé inú yàrá àti àgbàlá ilé wọn ni ojú ọgbẹ́ náà ti ń jinná.

Fún ìyá àgbà, ìtọ́jú ilé yìí pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ti ojú abẹ́rẹ́ tàbí ojú abẹ, tí kì í sábà gbà ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Èkejì ni ti èsì àyẹ̀wò, tó lè pẹ́ ju ọgbẹ́ lọ, tó sì rọrùn láti gbàgbé nígbà tí ara bá ti fúyẹ́. Ilé tó bá mójú tó ọgbẹ́ tó sì jẹ́ kí èsì sùn sí láàbù kò tíì tọ́jú ìyá náà tán.

Oríṣi báyọ́psì àti ìwọ̀n ọgbẹ́

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á gún un sínú kókó, wọ́n á fà á díẹ̀, omi tàbí èérún ara tí ojú lásán kò lè rí á bá a jáde. Ojú abẹ́rẹ́ lásán ló ń fi sílẹ̀, obìnrin sì lè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Èkejì ni ti abẹ́rẹ́ ńlá oníhò, òun sì ni àwọn dókítà fẹ́ràn jù lóde òní. Wọ́n á kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, wọ́n á la awọ ara níwọ̀n tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, abẹ́rẹ́ náà á sì wọlé pẹ̀lú ìró “pá” bíi ti ìbọn ìṣeré ọmọdé. Ìró yìí máa ń já àwọn àgbà láyà ju ìrora rẹ̀ lọ, nítorí náà nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ a máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kó tó kàn wọ́n lára. Ẹran tó bá jáde rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, wọ́n sì lè mú un lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́fà láti ojú ihò kan náà. Kò sí pé wọ́n ń rán an. Pílásítà ni wọ́n fi ń bò ó. Ìṣòro tó le, bí ẹ̀jẹ̀ tí kò dá tàbí ọgbẹ́ tó kẹ̀ débi pé ó nílò ìtọ́jú tuntun, kì í dé ẹnì kan nínú 100.

Ẹ̀kẹta ni ti iṣẹ́ abẹ, níbi tí wọ́n ti ń gé apá kan kókó tàbí kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Èyí ní okùn tí wọ́n fi ń rán ara, ó ní àpá, ìsinmi rẹ̀ sì ń gùn tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìṣòro rẹ̀ ju ti abẹ́rẹ́ lọ: ó lè kan ẹni 2 sí 10 nínú 100. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n gbára lé fún ọdún gbọọrọ, nítorí pé abẹ́rẹ́ oníhò àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń lò ó kò wọ́pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ará ilé béèrè kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù ni pé: èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ṣe? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ iye ọjọ́ tí ìyá gbọ́dọ̀ fi jókòó.

Ọjọ́ orí náà ní ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, àwọn kókó tí kò léwu tó wọ́pọ̀ lára ọ̀dọ́bìnrin, bí àpò omi àti kókó líle tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka, a máa dín kù. Kókó tuntun lára ẹni 65 ọdún kò yẹ ní ohun tí a ó máa wò títí ọdún yóò fi yí po. Lọ́wọ́ kejì, báyọ́psì kì í ṣe ìdájọ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún lágbàáyé ni èsì wọn ń sọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Láti Ẹdẹ lọ, láti ibẹ̀ bọ̀

Ẹdẹ wà létí odò Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí Òṣogbo. Àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, Àríwá Ẹdẹ àti Gúúsù Ẹdẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń kọ́kọ́ fi ọyàn han nọ́ọ̀sì. Láti ibẹ̀, ìwé á gbé aláìsàn lọ sí Òṣogbo, sí ọsibítù ńlá ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní LAUTECH, tàbí kó gba ọ̀nà Sékọ̀nà lọ sí Ilé-Ifẹ̀, sí ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, OAUTHC.

Ti Ifẹ̀ ní ìtàn pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2013, àwọn dókítà ibẹ̀ àti ti ọsibítù Memorial Sloan Kettering ní New York dá ẹgbẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ ARGO. Lára iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe ni kíkọ́ àwọn dókítà Nàìjíríà bí a ṣe ń fi síkáànì tọ́ abẹ́rẹ́ báyọ́psì sọ́nà, kí ẹran tí wọ́n bá mú lè jẹ́ ti kókó gan-an. Bí ìmọ̀ yìí bá ṣe ń tàn ká, bẹ́ẹ̀ ni ọgbẹ́ tí àwọn ìyá ń gbé padà sílé yóò máa kéré sí i.

Ìrìn àjò padà sílé ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ tó mú ara kú máa ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan tàbí méjì, nítorí náà ìyá lè máa sọ pé òun kò mọ nǹkan kan lára títí wọ́n á fi dé Sékọ̀nà, kí ìrora tó dé nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sínú kòtò. Mọ́tò tó jókòó dáadáa sàn ju kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ, kẹ̀kẹ́ Màrúwá sì sàn ju ọ̀kadà, níbi tí yóò ti ní láti di ẹni iwájú mú. Aṣọ ìnura tí wọ́n ká, tí wọ́n fi sáàárín bẹ́líìtì ọkọ̀ àti ọyàn, kì í jẹ́ kí bẹ́líìtì náà ra ojú ọgbẹ́. Kò yẹ kí àgbà dá nìkan padà.

Ohun mìíràn wà tó ń bá wọn rìn. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ará ilé ni wọ́n máa ń fún ní ìgò kékeré tí ẹran náà wà nínú rẹ̀, pé kí wọ́n gbé e lọ sí láàbù kí wọ́n sì sanwó níbẹ̀. Omi tó wà nínú ìgò yẹn, fọ́máàlínì, ni kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́. Ó yẹ kó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Omi lásán tàbí omi iyọ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀. Ìgò tí wọ́n gbé pamọ́ sílé títí owó á fi dé lè mú kí èsì di aláìṣeégbára lé, kí wọ́n sì tún gún ìyá lẹ́ẹ̀kejì. Orúkọ ìyá gbọ́dọ̀ wà lára ìgò, pẹ̀lú ọyàn ọ̀tún tàbí ti òsì tí wọ́n ti mú un, kí rìsíìtì láàbù sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan pàtó.

Ọjọ́ kìn-ín-ní

Bí ìyá bá ti délé, kó jókòó tàbí kó fẹ̀yìn tì. Kò sí ìdí tí yóò fi sùn gbalaja bí ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Rírìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé dára fún ẹ̀jẹ̀ àti fún ọkàn. Bí pílásítà bá rin fún ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ ṣí i wò. Kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ lé e, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láìgbé ọwọ́ kúrò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n máa gbé ọwọ́ ní ìṣẹ́jú méjìméjì láti wò bóyá ó ti dá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e ni ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ dì tún ń ṣí.

Nǹkan tútù ló ń dín wíwú kù lọ́jọ́ yìí. Píọ̀ wọ́tà kan tó ti dì nínú fìríìjì, tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé, ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa: nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lórí ọyàn, kí wọ́n gbé e kúrò fún bíi wákàtí kan, kí wọ́n tún gbé e padà. Yìnyín kò gbọ́dọ̀ kan ara ní tààrà, pàápàá ara àgbà tí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, nítorí òtútù náà lè jó awọ bí iná. Níbi tí iná mànàmáná kò bá sí, ẹni tó ń ta omi tútù lójú títì máa ń ní èyí tó dì.

Fún ìrora, parasítámọ̀ ni. Hóró méjì ti 500 mg lẹ́ẹ̀kan ni ìwọ̀n àgbàlagbà, kò sì gbọ́dọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ìyá tó gbẹ, tí kò tó 50 kg, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbọ́dọ̀ lo èyí tó dín sí bẹ́ẹ̀. Oògùn ìrora bí ibuprofen àti aspirin máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì, ibuprofen sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kó sì pa kíndìnrín lára. Àpòpọ̀ hóró mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá fún “ara ríro” léwu jù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Aṣọ àti iṣẹ́ ilé

Ọyàn tó bá ń rọ̀ sílẹ̀ máa ń fa ojú ọgbẹ́. Kọ́mú tó dì í mú láìfún un, tí kò ní irin lábẹ́, ni wọ́n máa ń ní kí obìnrin wọ̀ tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ti kọ kọ́mú sílẹ̀ tipẹ́, èyí tí wọ́n bá sì yá lọ́wọ́ ọmọ kì í bá wọn mu. Kí wọ́n ra tuntun tó gbòòrò, tó sì jẹ́ òwú, kó tó di ọjọ́ báyọ́psì.

Bí wọ́n ṣe ń wọṣọ nínú ilé ṣe pàtàkì ju kọ́mú lọ. Ìyá tó bá wà nílé máa ń ró ìró mọ́ àyà: á fa etí aṣọ náà yí ara po lókè ọyàn, á ká a sínú, á sì fi í há abẹ́ apá. Ibi tí aṣọ tí wọ́n ká yẹn ń tẹ̀ ni apá òde ọyàn lókè, ibẹ̀ náà sì ni kókó ti máa ń wọ́pọ̀ jù. Bí aṣọ bá tú, á tún un ró, á fà á le sí i. Ní gbogbo ìgbà bẹ́ẹ̀ ni pílásítà ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bùbá tó fẹ̀ tàbí káfútàànì tí kò fún ni kí wọ́n máa wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà, kí ìró wà ní ìbàdí. Ọ̀já ọmọ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n bá pọ̀n ń gbé gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ lé ọ̀já tí wọ́n so kọjá lórí ọyàn, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì ń ta ẹ̀gbẹ́ ọyàn bó bá ti ń jà. Kí ẹlòmíràn pọ̀n ọ́n.

Iṣẹ́ tí apá ń ṣe ni àwọn ìyá kì í kà sí iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ní kó má gbé ẹrù lè rò pé àpò gàrí ni wọ́n ń sọ, kó wá dìde lọ ro àmàlà. Ọmọ-orógùn, ọmọ-odó, okùn kànga, ìgbálẹ̀ àgbàlá, àti ìfọṣọ lọ́wọ́ ni iṣan àyà ń bá ṣiṣẹ́, iṣan yẹn ló sì wà lábẹ́ ọyàn. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ńlá, kí gbogbo wọn dúró fún ó kéré tán ọjọ́ méjì, kí ẹrù tó ju garawa kékeré tí kò kún lọ sì dúró fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó di ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, títí dókítà yóò fi wo ojú okùn. Ìyá tó ní ìsọ̀ ní Ọjà Tìmì lè jókòó ti ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta bí ara bá gbà á, bí ẹlòmíràn bá ń gbé ẹrù síta tó sì ń kó o wọlé.

“Ẹ sinmi, Màmá” kì í tó lẹ́nu ọmọ. Ìyá tó ti ń dìde láago márùn-ún láti 50 ọdún sẹ́yìn yóò dìde láago márùn-ún. Bí omi bá ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù láti alẹ́, tí wọ́n sì ti gbálẹ̀, tí ẹnì kan sì ti gba iṣẹ́ oúnjẹ, nígbà náà ni ìsinmi tó ṣeé ṣe. Ilé tí kò sí ọmọ nítòsí lè bẹ ọmọ aládùúgbò tàbí ẹgbẹ́ mọ́sálásí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ mẹ́ta péré.

Omi àti ìjọsìn

Ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ fún wákàtí 24 àkọ́kọ́. Kí ìyá fi kànrìnkàn rírọ̀ nu ara ìsàlẹ̀ àti ojú. Lẹ́yìn èyí, ó lè wẹ̀ bó ṣe yẹ, kó jẹ́ kí omi ṣàn kọjá lórí ibẹ̀ láìfi kànrìnkàn ha á, kó sì fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Àwọn pílásítà tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ á ṣí fúnra wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Kì í ṣe ohun tí a ń ká.

Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ ará Ẹdẹ, ìbéèrè ìrun sì máa ń jáde. Àlùwàlá kò kan ọyàn, nítorí náà kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Bí ìforíkanlẹ̀ bá ń fa ojú ọgbẹ́, ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba aláìsàn láyè láti kírun níjòókòó. Bí ó bá bọ́ sí oṣù Ramadan, aláìsàn tó nílò oògùn lè ṣínu kó sì san ààwẹ̀ náà padà. Lọ́dọ̀ àwọn Kristẹni, òróró àdúrà ni ó yẹ kí a ṣọ́: kí wọ́n fi kan iwájú orí, kó má kan ojú abẹ́rẹ́ tó ṣì ń là.

Ohun tó yàtọ̀ lára àgbà

Awọ àgbà fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn sì rọrùn láti já. Ojú ibẹ̀ á ṣú dúdú tàbí kó pọ́n bí àlùkò, èyí sì lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ọyàn lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, kí ẹ̀rù ba ará ilé pé àrùn ti ń ràn. Ẹ̀jẹ̀ tó ti jò sábẹ́ awọ ló ń wá ibi ìsàlẹ̀. Lára ọ̀dọ́ ó lè parẹ́ lọ́sẹ̀ kan, lára ìyá ẹni 70 ọdún ó lè gba méjì tàbí mẹ́ta. Kókó líle kékeré tí ọwọ́ bá pàdé lábẹ́ ojú abẹ́rẹ́ lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, tó máa ń yọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àwọn tó ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bí warfarin, clopidogrel tàbí aspirin kékeré fún ọkàn, gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ fún dókítà ṣáájú. Ewu méjì ló wà níbẹ̀: kí wọ́n máa lò ó láìsọ, kí ẹ̀jẹ̀ má dá, tàbí kí ọmọ gbọ́ nípa rẹ̀ kó gba oògùn náà lọ́wọ́ ìyá, kí ẹ̀jẹ̀ wá dì nínú ọkàn tàbí ọpọlọ. Dókítà nìkan ló yẹ kó sọ ọjọ́ tí wọ́n á dá a dúró àti ọjọ́ tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní ìsinmi nítorí báyọ́psì; ìfúnpá tó ga ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde ní ojú ọgbẹ́. Ìtọ̀ ṣúgà ń fa ìjinná sẹ́yìn, ó sì ń fún kòkòrò láyè, nítorí náà kí àwọn tó ní i máa wọn ṣúgà wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ìyá tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tàbí tí làkúrègbé kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọyàn, kò lè yẹ ara rẹ̀ wò. Ọmọbìnrin, aya ọmọ tàbí àbúrò obìnrin ni kó máa bá a wò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, nínú ìmọ́lẹ̀. Fún ẹni tí ìgbàgbé ti ń yọ lẹ́nu, kí wọ́n kọ àkókò oògùn sórí páálí kí wọ́n sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ó má baà lo parasítámọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí kò rántí ti àkọ́kọ́.

Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́ ń fún ara ní ohun tó fi ń so awọ pọ̀. Kò sí èèwọ̀ oúnjẹ lẹ́yìn báyọ́psì. Àṣà kí wọ́n ní ẹyin tàbí ẹran ń mú ọgbẹ́ kẹ̀ ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó nílò rẹ̀ jù.

Àgbo, òrí àti omi gbígbóná

Ilé Yorùbá kì í wo ọgbẹ́ kó dákẹ́, ìfẹ́ ló sì ń mú nǹkan púpọ̀ dé ojú ọgbẹ́. Àkọ́kọ́ ni jíjó omi gbígbóná, bí wọ́n ti ń ṣe fún abiyamọ. Lẹ́yìn báyọ́psì, ooru ń ṣí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, wíwú sì ń pọ̀ sí i. Tútù ni ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ fẹ́. Èkejì ni òrí, àdí, róòbù tàbí Àbọ́níkì tí wọ́n ń fi ra ọyàn. Fífi ọwọ́ ra ibẹ̀ ló léwu jù níbẹ̀, nítorí ó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Róòbù sì ń ta awọ tó là. Òrí kò ní wàhálà lórí awọ tó ti jinná pátápátá. Ẹ̀kẹta ni ewé tí wọ́n gún, eérú, tàbí ọṣẹ dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, èyí tó lè gbé kòkòrò inú ilẹ̀ wọ inú ara.

Àgbo mímu jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ata ilẹ̀ àti aáyù nínú ọbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n àgbo tí wọ́n fi wọ́n ṣe ní ìwọ̀n púpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì, àgbo ọlọ́tí sì ń bá oògùn jà nínú ẹ̀dọ̀. Ọ̀nà tó gún ni kí ìyá sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tó ń mu. Nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́ ọ láìbínú ni ìyá yóò tún sọ òótọ́ fún nígbà mìíràn.

Àmì tó yẹ kó gbé wọn padà sí ọsibítù

Ìrora tó ń dín kù lójoojúmọ́ jẹ́ ti ìjinná. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe tirẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn títẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ọyàn tó ń wú sí i, tó le bí bọ́ọ̀lù láàárín wákàtí díẹ̀, ìrora tó tún ń le lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ọyún tàbí omi tó ń rùn, ibà tó dé 38°C, àti òtútù tó ń gbọ̀n ènìyàn. Àwọn àgbà kan kì í ní ibà kódà bí ọgbẹ́ bá kẹ̀; rírẹ̀ òjijì, àìlèjẹun tàbí ọ̀rọ̀ tó ń dàrú lẹ́nu lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo. Èémí tó ń gé tàbí àyà tó ń dun ènìyàn lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n pàjáwìrì ni lójú ẹsẹ̀.

Ìwé púpọ̀ ń sọ pé kí a wo bóyá ojú ọgbẹ́ pọ́n. Lára dúdú, pípọ́n kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n: kí ẹni tó ń tọ́jú fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọyàn tí wọ́n gún, kó fi kan èkejì. Bí èkíní bá gbóná ju èkejì lọ, tí awọ rẹ̀ ń dán, tó sì le, kó má dúró de pípọ́n.

Ìbẹ̀rù àti àṣírí

Ìgbàgbọ́ kan tó gbilẹ̀ ni pé bí irin bá ti kan kókó, yóò tú ká, yóò sì pa ènìyàn. Ohun tí ojú ń rí ló bí ìgbàgbọ́ yìí: ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí egungun ni wọ́n tó lọ ṣe báyọ́psì, wọ́n sì kú láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n dá lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé oṣù tàbí ọdún tó ti kọjá ló ṣe é. Ìwádìí fi hàn pé èérún jẹjẹrẹ lè bá ojú abẹ́rẹ́ jáde nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n èyí kì í dín ọjọ́ ayé kù. Ìtọ́jú tó ń tẹ̀ lé báyọ́psì ń mú un kúrò.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti àṣírí. Ìyá lè ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn orogún tàbí ará àdúgbò má baà gbọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: ẹnì kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí èsì yóò jáde. Àwọn ọmọ náà a máa fi èsì pamọ́ fún ìyá, pé àgbà kò lè gbà á. Ìyá tí wọn kò sọ fún kò ní mọ ìdí tó fi yẹ kó padà sí ọsibítù, ilé á sì wá máa fi ẹ̀tàn gbé e lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró de èsì ni oorun máa ń dá lójú wọn. Ìbẹ̀wò, iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀, àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lú obìnrin tó ti là á kọjá ń ṣèrànwọ́. Betty Anyanwu-Akeredolu, tí jẹjẹrẹ ọyàn mú tó sì yè é, ló dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní 1997, nítorí kí àwọn obìnrin lè rí ẹni tó ti rin ọ̀nà náà bá sọ̀rọ̀.

Èsì

Èsì lè jáde ní ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè gba mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí àwọn onímọ̀ àrùn kò pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí gbogbo àyẹ̀wò parí láàárín 60 ọjọ́ sí ìgbà tí obìnrin bá kọ́kọ́ wá. Ní Britain, ìjọba ń kọ̀wé pe obìnrin láti 50 sí 70 ọdún wá fún mamogíráàmù ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, èsì báyọ́psì sì ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ní Ẹdẹ, ìyá fúnra rẹ̀ ló máa ń rí kókó, ará ilé rẹ̀ ló sì ń wá èsì. Ní ọjọ́ báyọ́psì ni kí wọ́n ti gba ọjọ́ àti nọ́ńbà fóònù láàbù, kí wọ́n sì béèrè bóyá ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀, OHIS, lè gbé apá kan owó náà. Èsì kì í ṣe ohun tí a ń gbà tí a sì ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí: dókítà tó ní kí wọ́n ṣe é ni yóò kà á.

Ohun tó lè wà nínú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Bó bá ní ẹran kò tó, wọ́n á tún un mú. Bó bá ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí síkáànì náà sì bá a mu, wọ́n á ní kí ìyá padà wá fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ṣùgbọ́n bí síkáànì bá ń fura tí èsì sì ń sọ pé kò sí nǹkan, wọ́n gbọ́dọ̀ tún báyọ́psì ṣe. Bó bá ní ara ibẹ̀ ti ń yí padà láìtíì di jẹjẹrẹ, wọ́n sábà máa ń fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́.

Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, èsì gbọ́dọ̀ sọ irú rẹ̀. Láti 1998 ni àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ti ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ọyàn láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà, ìwádìí náà sì jẹ́ ká mọ̀ pé irú èyí tí oògùn hòmóònù kò ràn pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga ni èyí tó ń gbọ́ràn sí oògùn hòmóònù ń pọ̀ sí i. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, hóró kan lójúmọ́, bíi letrozole tàbí tamoxifen, lè wà lára ìtọ́jú rẹ̀. “Ó ti dàgbà, ẹ fi í sílẹ̀” kò yẹ lẹ́nu ẹni tí kò tíì ka èsì yìí. Iṣẹ́ abẹ ṣeé ṣe ní Òṣogbo àti ní Ifẹ̀. Fún ìtọ́jú oníná, ìyẹn ti ìtànṣán, ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń lọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìtọ́jú ilé parí nígbà tí awọ bá ti dì, tí àpá tó ṣú bá ti mọ́, tí dókítà bá ti ka èsì fún ìyá létí ara rẹ̀, tí ọjọ́ àbẹ̀wò tó kàn sì ti wà nínú ìwé. Fún ẹni tí èsì rẹ̀ dára, ọjọ́ náà lè jẹ́ oṣù mẹ́fà síwájú. Fún ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.